Ẹgbẹ́ akítẹ́ẹ̀tì, kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe láti Jánúárì dé Dìsẹ́ńbà? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Okun

Okun o, gbogbo ilé. WhatsApp mi ló kún tí mo fi jókòó kọ èyí. Látìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ní Kàbbà pé akítẹ́ẹ̀tì ni mí, kò sí òde tí mo lọ tẹ́nì kan ò ní fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé "Bùọ̀dá, ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ ń lọ yìí, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" Àwọn kan rò pé aṣọ ẹbí la máa ń dá, àwọn kan rò pé iṣẹ́ ìjọba la ń pín láàárín ara wa (ì bá mà dáa o). Mo wá kó àwọn ìbéèrè yẹn jọ, mo dáhùn wọn bó ṣe wá sí mi lẹ́nu. Mi ò kọ ọ́ lórúkọ ẹ̀ka wa o. Ọmọ ẹgbẹ́ lásán ni mí, mi ò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan, tí mo bá ṣì í sọ, èmi ni kẹ́ ẹ mú.

Ṣé ti Kogi nìkan ni ẹgbẹ́ yín?

Rárá. Nigerian Institute of Architects ni ìyá ẹgbẹ́, òun ni NIA tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́yìn orúkọ àwọn kan. Ọjọ́ kìíní oṣù Épírì 1960 ni wọ́n dá a sílẹ̀, oṣù mẹ́fà péré kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, àwọn èèyàn díẹ̀ tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà lókè òkun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wá ní ẹ̀ka tiẹ̀, ẹ̀ka Kogi sì ni tiwa. Ẹ rántí pé 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀, kó tó dìgbà yẹn inú Kwara la wà, Ìlọrin làwọn àgbà wa láti Yàgbà àti Ìjùmú ń lọ fún gbogbo ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé, ìdí nìyẹn tí àgbà akítẹ́ẹ̀tì míì á fi máa sọ̀rọ̀ Ìlọrin bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé ìyá ẹ̀.

Ẹgbẹ́ ti gbogbo Áfíríkà náà wà, Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1981. Ti gbogbo àgbáyé wà lókè pátápátá, UIA lorúkọ ẹ̀, ìlú Lausanne ní Switzerland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1948. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí wa tá a jókòó nínú gbọ̀ngàn kan ní Lọ́kọ́jà tí fáànù ò ṣiṣẹ́, ẹ má fojú kéré wa, okùn tó so wá mọ́ra gùn díẹ̀.

ARCON ńkọ́? Ṣebí ọ̀kan náà ni pẹ̀lú NIA?

Ọ̀pọ̀ ló ń dà wọ́n pọ̀, títí kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹ wò ó báyìí: ẹgbẹ́ àwọn dírẹ́bà wà ní gáréèjì, àwọn tó ń fún dírẹ́bà ní láísẹ́nsì náà wà níbi tiwọn. NIA lẹgbẹ́, ARCON ló ń fúnni ní láísẹ́nsì. Òfin ọdún 1969 ló gbé ARCON dìde, òun ló ń tọ́jú ìwé orúkọ gbogbo akítẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, ẹni tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pe ara ẹ̀ ní akítẹ́ẹ̀tì, ì báà ní dígírì márùn-ún. Òǹtẹ̀ tá a ń lù sórí pílánnì, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ń wá. Wọ́n tún ní nọ́ńbà tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ilé, APRN là ń pè é, ìyẹn nọ́ńbà tó máa fi hàn pé iṣẹ́ yìí, akítẹ́ẹ̀tì tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé ló yà á.

Ó dáa. Kí lẹ wá ń ṣe látìgbà tí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ owó la fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún, kí n má parọ́. Jánúárì, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti bó, akápò á gbé orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sórí WhatsApp, ìjà á bẹ́. Owó ẹgbẹ́ wà, owó láísẹ́nsì ARCON wà lọ́tọ̀, ẹni tí ò bá sì tún tiẹ̀ ṣe lọ́dún yẹn kò lẹ́nu láti lu òǹtẹ̀ sórí pílánnì ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń sáré kiri ní Jánúárì bí ẹni tí wọ́n lé, ẹ máa bi í bóyá akítẹ́ẹ̀tì ni.

Fẹ́búárì sí Máàṣì, ẹ ò lè rí wa nílé. Òjò ò tíì dé, gbogbo ayé ló fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀ kí ilẹ̀ tó rọ̀, ẹni tó ti ń rò ó láti ọdún mẹ́ta á jí láàárọ̀ ọjọ́ kan pé lónìí lónìí ni. Ìpàdé ẹgbẹ́ máa ń ṣófo nígbà yẹn, alága á máa bínú, ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ ṣe, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni owó wà.

Tí òjò bá wá bẹ̀rẹ̀ dáadáa, iṣẹ́ sáìtì á rọlẹ̀, ìwé ló kù. Ìgbà yẹn ni sẹminá máa ń pọ̀. Àwọn tó bá ní owó mọ́tò lára wa á lọ síbi àpérò tí ẹ̀ka Èkó máa ń ṣe lọ́dọọdún, Lagos Architects Forum, wọ́n á lọ wo ohun táwọn ilé iṣẹ́ ń tà, wọ́n á gba báàgì ọ̀fẹ́ bọ̀. Láàárín ọdún náà la máa ń yà sí iléèwé, sẹ́kọ́ńdírì àti pọ̀lì, ká bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọmọ kan bi mí rí pé ṣé akítẹ́ẹ̀tì lè sùn sínú ilé tó yà, mo ní rárá o, ilé àwọn ẹlòmíì ni, ó ní "á á, ẹ mà ń gbìyànjú."

Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ́kítóbà, ọ̀rọ̀ omi ni ní Lọ́kọ́jà, màá padà síbẹ̀. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú Ọ́kítóbà ni àyájọ́ àwọn akítẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, UIA ló fi lélẹ̀, ọjọ́ kan náà ni pẹ̀lú ọjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ibùgbé. Àwọn kan lára wa máa ń ṣe ìwọ́de, àwọn kan á lọ sórí rédíò, àwọn kan á lọ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ iléèwé kan ṣe. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn ni mo fọwọ́ sí jù, torí rédíò, ẹ̀ẹ́ sọ ọ́ tán, wọ́n á sọ orin sí i, ó parí.

Ìparí ọdún ni ìpàdé gbogbogbòò ti orílẹ̀-èdè sábà máa ń bọ́ sí, gbogbo ẹ̀ka á péjọ, wọ́n á ka ìwé owó, wọ́n á dìbò tó bá jẹ́ ọdún ìdìbò. Dìsẹ́ńbà wá dé, àwọn ọmọ wa á wálé láti Abúja, Èkó, Kàdúná, Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí kò sí pálọ̀ tẹ́ ẹ máa wọ̀ tí wọn ò ní gbé pílánnì tó ti rún jáde látinú ẹnfilóòpù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ìrẹsì àti ẹran adìẹ ni owó ẹ̀.

Ìpàdé oṣooṣù yẹn, kí lẹ máa ń jíròrò tí ẹ fi máa ń pẹ́?

Ẹ̀rín pa mí. Ìdajì rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni. Òṣùwọ̀n wà tó sọ iye tí akítẹ́ẹ̀tì lè gbà bí iṣẹ́ bá ṣe tóbi tó, ṣùgbọ́n ẹni kan á dúró ní kọ̀rọ̀, á gba ìdá mẹ́wàá iye yẹn, á ní ebi ń pa òun, ẹni tó kọ̀ láti gbà á á wá máa wò ó bí olè. Àríyànjiyàn yìí ò tíì parí látìgbà tí mo ti wọ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ ara mi ni pé ẹni tó bá ta pílánnì ní owó búrẹ́dì kò ní lọ sáìtì, kò sì lè lọ, torí owó mọ́tò lásán ti ju ohun tó gbà lọ.

Ìyókù: ta ló kú, ta ló gbéyàwó, ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún ẹlòmíì láìsọ fún un (èyí ní òfin tiẹ̀ nínú ẹgbẹ́, o ò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akítẹ́ẹ̀tì míì láìkọ ìwé sí i), ìwé tí a fẹ́ kọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba, àti òǹtẹ̀ ayédèrú tí wọ́n rí lórí pílánnì kan. Lẹ́yìn náà oúnjẹ. Àwa tá a wá láti Kàbbà ṣì ń rọ́nà lọ sílé lálẹ́, ẹni tó wá láti Ẹgbẹ̀ tàbí Odò-Èrè, àfi kó sun Lọ́kọ́jà. Mo ti bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n máa gbé ìpàdé kan wá sápá ibí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó pẹ́ tó pẹ́ ni, wọ́n á gbọ́.

Akítẹ́ẹ̀tì tó ti gboyè, kí ló tún ń lọ kọ́ ní sẹminá?

Dandan ni. Ẹ̀kọ́ àkọ́túnkọ́ wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe, wọ́n máa ń ka máàkì ẹ̀ fún wa, tí o ò bá pé máàkì, wàhálà ni fún láísẹ́nsì rẹ. Nígbà tí èmi wà ní iléèwé, orí pátákó la ti ń fi ink yàwòrán, tó o bá ṣe àṣìṣe, abẹ lo máa fi há a. Lónìí ọmọ ogún ọdún á fi kọ̀ǹpútà gbé gbogbo ilé dìde, ẹ̀ẹ́ máa rìn nínú ẹ̀ bíi fíìmù. Ẹni tí kò bá lọ kọ́ ọ, wọ́n á sọ ọ́ di àgbà òfìfo. Kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan o, òfin náà ń yí padà. Ìwé òfin ilé kíkọ́ ti Nàìjíríà, National Building Code, 2006 ló jáde, ẹ ò ní gbà gbọ́ iye àgbà iṣẹ́ tí ò tíì ṣí i wò.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe akítẹ́ẹ̀tì. Ọdún mélòó ni?

Màmá, ẹ jókòó dáadáa kí n tó sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin fún dígírì àkọ́kọ́, ọdún méjì fún másítà, ìyẹn tí kò bá sí ìyanṣẹ́lódì (kò sí irú ọdún bẹ́ẹ̀). Sìn ilẹ̀ baba ẹ tán, lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì lábẹ́ akítẹ́ẹ̀tì tórúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé, kí o máa kọ gbogbo ohun tó ò ń ṣe sínú lọ́ọ̀gìbúùkù, lẹ́yìn ẹ̀ o jókòó ṣe ìdánwò iṣẹ́, wọ́n á tún fọ̀rọ̀ wá ẹ lẹ́nu wò. Bó o bá yege, o di MNIA, ìyẹn ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́ NIA, ARCON á wá kọ orúkọ ẹ sínú ìwé tiwọn. Ìgbà yẹn lo tó lè fi Arc. síwájú orúkọ láìsí pé ọkàn ẹ ń ṣe pì pì. Bíi ti dókítà ló rí, àfi pé àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún dókítà.

Ara iṣẹ́ ọdọọdún wa ni láti mú àwọn ọmọ yìí la ìdánwò yẹn kọjá. A máa ń kó wọn jọ ní alẹ́ Sátidé, a máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè tó le ju ti ìdánwò lọ. Kò pọn dandan kí ọmọ mọ àwòrán yà bí ayàwòrán o, ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù bà á. Kó mọ ìṣirò díẹ̀, físíìsì díẹ̀, kó sì jẹ́ ẹni tó máa ń wo nǹkan. Ọmọ tó bá wọ ilé àlejò tó ń wo òrùlé, tiyín nìyẹn. Tí bàbá ẹ̀ bá sì ń ráhùn pé iṣẹ́ yẹn ò lè gbé èèyàn débì kan, ẹ sọ fún wọn pé akítẹ́ẹ̀tì ni Alex Ekwueme tó ṣe igbá kejì ààrẹ Nàìjíríà láti 1979 sí 1983, àti pé ní 2023 wọ́n fún Demas Nwoko ní àmì ẹ̀yẹ Kìnnìún Oníwúrà ní Venice nítorí iṣẹ́ ayé ẹ̀, ó lọ́wọ́ nínú ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Ìbàdàn, ẹ lọ wò ó tẹ́ ẹ bá kọjá níbẹ̀. Ilé yẹn tutù láìní éà kọndíṣọ̀n.

Díráfítímáànù àdúgbò wa ń ya pílánnì ní owó kékeré. Kí ni mo fẹ́ fi akítẹ́ẹ̀tì ṣe?

Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ gbogbo èyí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Mi ò ní bú díráfítímáànù. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn mọ́ ju tèmi lọ, ilé iṣẹ́ wa ò lè dúró láìsí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ya àwòrán àti ẹni tó ń rò ó kì í ṣe ẹni kan náà, bí ẹni tó ń tẹ lẹ́tà kì í ṣe ẹni tó ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, lápá Yàgbà, kọ́ ilé alájà kan nígbà tí mo ṣì wà ní iléèwé. Ẹnì kan yà á fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta. Bírikìlà gbé e dìde, wọ́n da dẹ́kìn, a pa ewúrẹ́, a jẹ, a mu. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá bi wọ́n pé ibo làwọn máa gbà gòkè. Kẹ́kẹ́ pa. Kò sẹ́ni tó fi àyè àtẹ̀gùn sílẹ̀! Wọ́n pè mí, ọmọ iléèwé, kí n wá wò ó bóyá n lè rí i. Kí ni mo fẹ́ rí? Wọ́n sọ pé káwọn lu dẹ́kìn yẹn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n wá ní kí wẹ́dà ṣe àtẹ̀gùn onírin síta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí òjò ń rọ̀ sí lórí. Tí òjò bá rọ̀ báyìí ó ń yọ̀ bí ilá. Bàbá ò gun òkè rí títí tí wọ́n fi lọ, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń sùn, òkè wá di ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí. Ilé alájà fún àgbàdo.

Owó tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn yẹn ju ohun tí akítẹ́ẹ̀tì máa gbà lọ nígbà náà. Ohun tá a máa ń bá wọn jà lé lórí lọ́dọọdún ò ju èyí lọ: ẹ pè wá kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ilẹ̀. Ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìpè tó ń wọ fóònù mi ló jẹ́ lẹ́yìn tí ògiri ti sán, mo ń fi ojú wò ó ni o, n kò kà á. Nígbà tó bá ti sán, ohun tí mo lè ṣe kò ju ká jọ máa mi orí lọ.

Nǹkan kékeré ló ń bà á jẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á bi yín pé ibo ni oòrùn ń gbà. Ní apá ibí wa, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn nínú ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ò ní máa sè yín nínú yàrá. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò wá fún wa sábà máa ń gba apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, ọyẹ́ ń gba àríwá ìlà oòrùn, torí náà fèrèsé kò kàn rí bẹ́ẹ̀ lásán. Ibo ni kànga wà? Sọ́kàwéè gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó mítà 30, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà ọgọ́rùn-ún, mo sì ti rí ilé tí méjèèjì ń wo ara wọn lójú bí ìyàwó àti orogún. Ilẹ̀ Kàbbà, àpáta pọ̀ lábẹ́ ẹ̀, ibì kan á le bí irin, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i á rọ̀ bí ẹ̀kọ, ilé tó bá jókòó lórí méjèèjì á sán ní àárín, kò sí àdúrà níbẹ̀.

Mo wà ní Abúja, mo ń kọ́lé ní Ìyàrá. Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe?

Ẹ má fi fọ́tò WhatsApp ṣe ẹ̀rí. Wọ́n á ya ibi tó dáa. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ya fídíò, kí wọ́n fi téèpù sí ẹ̀gbẹ́ irin kí ẹ lè rí bó ṣe nípọn, kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù kan sókè kí wọ́n jù ú sílẹ̀ láti orúnkún. Tó bá túká bí iyanrìn, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ gba akítẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ́njìníà tó máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù: ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ tán kí wọ́n tó da nǹkan sí i, ọjọ́ tí irin dẹ́kìn wà nílẹ̀ kí kọnkéré tó bò ó, àti ọjọ́ tí páànù ń gòkè. Mo mọ̀ pé àbúrò yín ló ń bójú tó o. Mo mọ̀ pé ẹ fọkàn tán an. Kò mọ irin ni mo ń sọ, mi ò ní olè ni.

Ẹ sì lọ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ táòn pílánnì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará ilé á ní "ta ló ń béèrè ìwé nílé baba wa?" Ọjọ́ tí títì bá fẹ́ kọjá níbẹ̀ lẹ máa mọ ẹni tó ń béèrè.

Kí lẹ ń ṣe nípa ilé tó ń wó?

Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, fóònù gbogbo wa dún títí kan àwa tí a wà níbí tí kò sílé alájà márùn-ún. Ẹgbẹ́ kì í ṣe ọlọ́pàá o, a ò lè ti sáìtì ẹnikẹ́ni pa. Ohun tí a lè ṣe ni ká lọ wò ó, ká kọ̀wé sí ìjọba, ká dúró pẹ̀lú àwọn ẹ́njìníà àti àwọn sọ̀fíyọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìwádìí, ká sì bá ọmọ ẹgbẹ́ wa wí tó bá lọ́wọ́ nínú ẹ̀, ARCON lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé.

Ìdí tí ilé fi ń wó kì í ṣe àdììtú. Iyanrìn pọ̀ jù, sìmẹ́ǹtì ò tó. Irin tín-ín-rín. Ẹni tó ní òun máa kọ́ alájà kan, tó wá fi kan sí i nígbà tí owó dé, ìpìlẹ̀ ò sì mọ̀ pé owó ti dé. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni páákó abẹ́ dẹ́kìn tí wọ́n ń tú ní ọjọ́ karùn-ún nítorí pé káfíńtà fẹ́ lọ lò ó níbòmíì. Kọnkéré, ọjọ́ 28 la fi máa ń wọn agbára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Òkìtì sìmẹ́ǹtì ń kọjá níwájú wa láti Ọbàjánà tọ̀sán tòru, a tiẹ̀ ní títì kọnkéré láti ibẹ̀ wá sí Kàbbà, ẹ wo bí títì yẹn ṣe le, ohun kan náà ló wà nínú dẹ́kìn yín, àfi pé àwọn yẹn wọn omi tí wọ́n pò ó mọ́, bírikìlà yín ń fi ojú wọn tiẹ̀.

Lọ́kọ́jà àti omi ńkọ́?

2012, omi dé. 2022, omi tún dé, ojú títì di odò, ẹni tó ń lọ Abúja ò mọ ibi tó máa gbà. Lọ́dọọdún la ń tún un sọ pé ẹ má kọ́lé sí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ń sùn sí, ilẹ̀ yẹn pọ́ọ́kú nítorí odò ló ni ín. Ẹni tó bá ti kọ́ ọ tán, a máa ń gbà á nímọ̀ràn: gbé ilẹ̀ yàrá sókè ju ojú omi 2022 lọ, má ṣe gbé mítà iná sísàlẹ̀, má fi pákó pẹlẹbẹ (plywood) ẹlẹgẹ́ ṣe ògiri. Ìyókù, ọ̀rọ̀ ìjọba ni.

Mo rí pílánnì tó dáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ẹ lè kàn lu òǹtẹ̀ sí i?

Rárá. Ilé ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni, òrùlé ẹ̀ ò lè gba òjò Kàbbà. Ẹ fi ránṣẹ́ kí n mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn nínú ẹ̀, ìyẹn wúlò.

Ṣé obìnrin wà lára yín?

Wọ́n wà, wọ́n sì ní ẹ̀ka tiwọn nínú ẹgbẹ́. Wọn ò pọ̀ tó. Ní sáìtì, bírikìlà á máa pè wọ́n ní "ìyàwó ọ̀gá", títí tí wọ́n á fi ní kí wọ́n wó ògiri kan tí kò gún, lẹ́yìn ẹ̀ ó di "ọ̀gá".

Àwọn ilé àtijọ́ wa tó ń wó lọ, ṣé ẹgbẹ́ ń ṣe nǹkan kan?

Kò tó, kí n sòótọ́. Ní Lọ́kọ́jà, àwọn ilé kan láti ìgbà àwọn òyìnbó ṣì wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé àsíá wọn sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 1900 tí Lugard di High Commissioner, ìyẹn olórí ìjọba àwọn òyìnbó, ní Àríwá. Àwọn yẹn máa ń rí ẹni sọ̀rọ̀ wọn. Èyí tó ń dùn mí ni ilé amọ̀ tiwa ní Bùnú àti Ìjùmú, ilé tí ògiri ẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀sán ò mọ̀ pé òun ti dé inú ẹ̀, tí àwọn ìyá wa ń na òfì mọ́ ara ògiri tí wọ́n ń hun aṣọ. Kò sẹ́ni tó wọn wọ́n. Mo gbé e wá sí ìpàdé pé ká kó àwọn ọmọ iléèwé, téèpù méjì, pátákó kan, ká lọ wọn ilé mẹ́wàá kí wọ́n tó wó, ká yà wọ́n sórí ìwé. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Akápò bi mí pé ta ló máa san owó mọ́tò. Mo ti ní téèpù báyìí, ẹni tó bá ní mọ́tò kó pè mí.

Ṣé èmi tí mi ò ṣe akítẹ́ẹ̀tì lè wá sí ìpàdé yín?

Ìpàdé oṣooṣù, rárá, ìjà owó la máa ń jà níbẹ̀. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ní Ọ́kítóbà, ẹ wá. Ẹ mú pílánnì yín dání, ẹ má ká a kó rún.